Bẹ́ẹ ṣe lè máa gun sikéètìbọ́ọ̀dù láì dá lápá, láì fọ́ lórí

Ẹ jẹ́ n ti ibi òótọ́ bẹ̀rẹ̀: tẹ́ẹ bá máa gun sikéètìbọ́ọ̀dù, pátákó onítáyà mẹ́rin yẹn, ẹ máa ṣubú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ṣubú, ẹni tó ti ń gùn ún fún ogún ọdún ń ṣubú, àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Olympic náà ń ṣubú. Nǹkan tó wà níkàáwọ́ wa ni ibi tá a máa ṣubú sí, bá a ṣe máa ṣubú, àti ohun tó máa wà lára wa nígbà tá a bá ń lọlẹ̀. Orí nǹkan mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé.

Mo ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀dù tàbí tí àǹtí wọn fi ránṣẹ́ láti London, mo sì ń kọ ọ́ fún ìyá àti bàbá tí àyà wọn máa ń já nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbọ́ ariwo táyà yẹn lórí kọnkéré. Látìgbà tí àwọn ọmọ WAFFLESNCREAM, ilé iṣẹ́ sikéètì kan, ti mú sikéètì gbajúmọ̀ l'Ékòó, bọ́ọ̀dù ti wà níta dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tá a ti máa gùn ún ò pọ̀. Àwọn ará Ghana ti ní Freedom Skatepark ní Accra láti ọdún 2021, ilẹ̀ ibẹ̀ dán, torí sikéètì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní tiwa, inú èsíteètì, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó bá ṣófo, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún ará California ò fi bá ọ̀rọ̀ wa mu tán.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọmọ kẹ́ẹ jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹ́ẹ bá gbà á, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa lọ gùn níbi tẹ́ẹ ò ti ní rí i, kò sì ní wọ nǹkan kan sórí. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ wò ni ọjọ́ orí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ò gbọdọ̀ gun sikéètìbọ́ọ̀dù rárá, tó bá sì wà láàárín 6 sí 10, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ọmọ kékeré wúwo jù fún ara rẹ̀, tó bá ti fẹ́ ṣubú orí ló máa ń ṣáájú, kò sì tíì lè fojú díwọ̀n bí mọ́tò tó ń bọ̀ ṣe yá tó. Kẹ́ẹ wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ojú yín wà lára ọmọ, kì í ṣe kẹ́ẹ jókòó sínú mọ́tò kẹ́ẹ máa tẹ fóònù o.

Ilẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò

Àwọn èèyàn rò pé fífò àti àrà tá à ń dá ló ń ṣe wá léṣe jù. Rárá, ilẹ̀ ni. Àjọ CPSC tó ń bójú tó ààbò ọjà tí aráàlú ń rà ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ tipẹ́ pé nínú àwọn tó ń fara pa lórí sikéètìbọ́ọ̀dù, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ò tíì gùn ún tó ọ̀sẹ̀ kan, àti pé nínú àwọn tó ṣubú tí wọ́n fara pa, ó ju ìlàjì lọ tó jẹ́ ilẹ̀ tí ò tẹ́ dáadáa ló gbé wọn ṣubú. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ilẹ̀ ti dán. Ẹ wá ro ti wa níbí wò.

Mo rí ọmọkùnrin kan nínú èsíteètì kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, kò sáré, kò fò, kò dá àrà kankan. Àwọn kan ti mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ, àmọ́ gíránáìtì wẹ́wẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ohun tá a gbọ́ ni "káà!", bọ́ọ̀dù dúró lójú kan, ọmọ ò dúró, ó lọ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì tẹ̀ sókè níbi tí ò yẹ kó ti tẹ̀. Nígbà tá a gbé bọ́ọ̀dù yẹn wò, òkúta náà ṣì há sábẹ́ táyà iwájú, kò tó hóró ẹ̀wà kan, ó sì ti fa ìlà funfun sára táyà náà.

Ohun tó fà á ni pé táyà sikéètìbọ́ọ̀dù kéré, ó sì le. Èyí tó wọ́pọ̀ ò ju bíi milimítà 52 lọ, kò lè gun orí òkúta kó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì bí táyà kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ṣe, ńṣe ló máa dúró gbagidi. Láyé ìgbà tó jẹ́ pé táyà amọ̀ ni wọ́n ń lò, ó burú jùyẹn lọ, ìgbà tí Frank Nasworthy gbé táyà urethane, irú ike kan tó rọ̀ bíi rọ́bà, dé California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Ṣùgbọ́n urethane náà le jura wọn lọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára táyà fúnra rẹ̀: 99A sí 101A, èyí le, ilẹ̀ tó dán bíi ti inú skatepark ló wà fún. 78A sí 87A rọ̀, tó bá tún tóbi, bíi milimítà 56 sí 60, ó máa ń gba orí òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Fún títì ọlọ́dà wa tó rí gbágungbàgun, táyà rírọ̀ tó tóbi ni kẹ́ẹ rà, màá tẹnu mọ́ èyí títí, torí pé bọ́ọ̀dù yín á máa gbé yín lọ bó ṣe yẹ.

Torí náà kẹ́ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rin gbogbo ibẹ̀ já. Ẹ mú ìgbálẹ̀ dání láti ilé, òtítọ́ ni mò ń sọ, ìgbálẹ̀. Ẹ gbá ojú ibi tẹ́ẹ fẹ́ lò, ẹ gbá ibi tẹ́ẹ máa ti dúró náà. Nígbà ọyẹ́ eruku àti yanrìn tín-tìn-tín máa ń bo kọnkéré tó dán, ojú ò tètè rí i, ẹ fàtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ kẹ́ẹ wò ó. Ẹ wo ibi tí ọ́ìlì mọ́tò tàbí dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ti dà sí. Ẹ wo omi, ẹ wo bọ́ńpù, ẹ wo ihò àárín pátákó kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà torí ihò yẹn lè gbé odindi táyà mì. Táìlì tí omi wà lórí rẹ̀, ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Íńtálọ́ọ̀kì inú èsíteètì náà, ó ń gbọn èèyàn ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ, kì í ṣe ibi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́.

Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú rèé: ẹ gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Tó bá ń yí lọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ojú yín ò tiẹ̀ rí i. Ẹni tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ò gbọdọ̀ gun ibẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ó ku mọ́tò. Ẹ wá ibi tó ní géètì tàbí tí mọ́tò ò ti ń kọjá rárá, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù tàbí lásìkò tí ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ṣófo. Mọ́tò tó ń rìfáàsì ò ní rí ọmọ tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù, ọ̀kadà tó ń gbé oúnjẹ kiri ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀dù náà ńkọ́

Ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tá à ń rà jẹ́ tòkunbọ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀ tẹ́ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ dojú rẹ̀ dé. Pátákó náà ò gbọdọ̀ ní ìlà tó ti ń là, pàápàá nítòsí ibi tí bóòtù ti wọlé. Irin méjì tó gbé táyà dúró là ń pè ní trucks, nọ́ọ̀tù ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tó ń gba sípánà 9/16, òun ló ń sọ bí bọ́ọ̀dù ṣe máa yí tó. Tó bá tú jù, bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n nígbà tẹ́ẹ bá sáré, tó bá le jù, ẹ ò ní lè yà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó le díẹ̀, kẹ́ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí ara bá ti ń mọ́ yín. Nọ́ọ̀tù tó di táyà mú ń gba sípánà 1/2, ẹ so ó kó mú, kẹ́ẹ wá tú u padà díẹ̀ kí táyà lè yí fàlàlà láìmì. Àwọn bóòtù kékeré mẹ́jọ tó gba inú pátákó kọjá, 3/8 ni tiwọn. Ẹ fọwọ́ mi gbogbo rẹ̀ kẹ́ẹ tó gùn ún, lójoojúmọ́, kò ní gbà yín tó ìṣẹ́jú kan.

Sánpépà dúdú tó wà lórí rẹ̀ ló ń di bàtà mú, tó bá ti dán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí òjò bá pa bọ́ọ̀dù, pátákó á wú, bíárìn á dípẹtà, táyà kan lè wá dúró lójijì lórí eré. Bọ́ọ̀dù kékeré oníke tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣọ̀ṣọ́ ilé.

Ohun tó yẹ kó wà lára yín

Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Sky Brown, ọmọ ilẹ̀ Britain tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Japan, ṣubú láti orí ramp, ìyẹn òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n kọ́ fún sikéètì, ní California lọ́dún 2020 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, agbárí rẹ̀ là, ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ kán. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba bàbà ní Olympic Tokyo, ó sì tún gba bàbà ní Paris lọ́dún 2024. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹn ń wọ̀ ọ́, kí wá ló dé tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá á ní òun ò fẹ́ kó ba irun òun jẹ́?

Ẹ wo inú rẹ̀ kẹ́ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún sikéètì ní Amẹ́ríkà máa ń ní ASTM F1492 lára, ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Britain máa ń ní EN 1078. Ẹ má lo ti ọ̀kadà, ó wúwo, ó ń fa ọrùn, ó sì ń di etí. Ti àwọn tó ń kọ́lé ò wúlò rárá, ó máa ti bọ́ kí orí tó kanlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó wà lórí nìyí: kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí etí rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìka méjì sókè irun ojú, kì í ṣe kẹ́ẹ tì í sẹ́yìn kí iwájú orí máa hàn. Okùn méjèèjì kó pàdé nísàlẹ̀ etí, kí èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mú débi tí kò ní ju ìka kan tàbí méjì tó máa lè wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ mi orí dáadáa. Tó bá ń yí lórí yín, ó tóbi, ẹ má sọ pé ọmọ máa dàgbà bá a.

Tówó bá máa tó nǹkan méjì péré, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ oníke tó ń di ọrùn ọwọ́ mú ni kẹ́ẹ rà, torí pé ọwọ́ ni gbogbo èèyàn fi ń gbá ilẹ̀ mú. Pádì orúnkún àti ti ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ lé e. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì jẹ́ rọ́bà, kẹ́ẹ ki okùn rẹ̀ sínú kó má lọ́ mọ́ táyà. Kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe páàmù, kì í ṣe bàtà eré ìje tó ga lẹ́yìn. Ẹ yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò ẹ̀yìn.

Kẹ́ẹ tó gbéra, ẹ mọ bẹ́ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀

Orí koríko ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí táyà má lè yí. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe títí ara á fi gbà á. Ẹsẹ̀ iwájú wà lórí bóòtù iwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, tẹ̀yìn wà nítòsí bóòtù ẹ̀yìn. Ẹ tẹ orúnkún bí ìgbà tí èèyàn bá dúró nínú BRT tí ò sí àga mọ́, tí dírẹ́bà sì ń tẹ búrẹ́kì láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá na ẹsẹ̀ gangan ló ń kọ́kọ́ lọlẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ti kúrò lórí koríko, nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ẹ máa kọ́ lórí kọnkéré ni bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ tì í díẹ̀, kó máa lọ ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ lásán, kẹ́ẹ wá fẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sílẹ̀ SÍWÁJÚ, kẹ́ẹ sáré ìṣísẹ̀ méjì mẹ́ta. Ẹ má ṣe bọ́ sẹ́yìn láéláé, torí bọ́ọ̀dù á yọ lábẹ́ yín, ẹ̀yìn orí ló sì máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹ ṣe é títí tí kò fi ní jẹ́ pé ẹ̀ ń ronú kẹ́ẹ tó ṣe é mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, búrẹ́kì ẹlẹ́sẹ̀: gbogbo ara yín wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá sílẹ̀ pẹlẹbẹ, kí àtẹ́lẹ̀ bàtà máa fọwọ́ kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kẹ́ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ẹ bá fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀ lójijì, ẹ máa fò. Ẹni tí ò bá tíì lè dúró láàárín ibi tó fi ìlà sí, kò tíì yẹ kó lọ síbi tó dà gẹ̀rẹ́.

Ojú yín, ẹ gbé e sókè, ẹ máa wo mítà mẹ́ta mẹ́rin níwájú. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní rí òkúta. Tí bọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré, ẹ má le gan-an, ẹ tẹ orúnkún sí i, ẹ gbé ìwọ̀n ara síwájú, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rọlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣubú

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì kọ́ ọ rí. Ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan síta tàbí kẹ́ẹ lọ sórí koríko, kẹ́ẹ wọ gbogbo pádì, kẹ́ẹ máa ṣubú mọ̀ọ́mọ̀ láìsí bọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tẹ́ẹ bá mọ̀ pé ó ti bọ́, ẹ má jà á mọ́. Ọ̀pọ̀ ni eegun rẹ̀ kán nígbà tó ń du bọ́ọ̀dù tó ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sílẹ̀ kíákíá, ẹ ká orúnkún, ibi tẹ́ẹ ti máa já kúrú nìyẹn. Tó bá jẹ́ iwájú lẹ̀ ń lọ, ẹ má na ọwọ́ gangan, ọwọ́ tó bá nà ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n ara lọ sí ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀, ẹ ká apá mọ́ra, ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ fi èjìká kan wọlé, kẹ́ẹ sì yí láti èjìká yẹn dé ìbàdí òdìkejì. Ara tó ń yí ń pín agbára yẹn káàkiri, ibì kan ò ní dá gbé e. Tẹ́ẹ bá wọ pádì orúnkún tó ní ike níwájú, ẹ lè kúnlẹ̀ kẹ́ẹ sì yọ̀ lọ, àwọn tó ń gun ramp ò mọ ọ̀nà míì.

Ṣíṣubú sẹ́yìn ni mo bẹ̀rù jù fún àwọn ọmọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ sí ìdí kan, kì í ṣe egungun ìdí gangan, ẹ tẹ ẹ̀yìn kó ká, àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má bàa kanlẹ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ wà níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ lẹ́yìn ló ń kán. Fún ọmọdé, ibi tí eegun rẹ̀ ti ń dàgbà wà nítòsí ọrùn ọwọ́ níbẹ̀, tí ibẹ̀ bá bàjẹ́ ó lè dí ìdàgbà apá yẹn lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀dù tó bá sá lọ lè já lu ẹlòmíì lẹ́sẹ̀, ẹ pariwo "bọ́ọ̀dù o!" kí gbogbo èèyàn wo ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn nǹkan tí mi ò fẹ́ rí rárá

Dídi danfo tàbí kẹ̀kẹ́ Maruwa mú kó máa fà yín lọ. Èèyàn méjì lórí bọ́ọ̀dù kan. Íápíìsì nínú etí. Gígùn lálẹ́ níbi tí NEPA ti mú iná lọ. Gígùn nígbà tó ti rẹ̀ yín. Ẹ gbọ́, "ẹyọ kan sí i, ká máa lọ sílé" yẹn léwu gan-an, ẹsẹ̀ ti wúwo, ojú ti rẹ̀, òùngbẹ ti gbẹ yín, oòrùn ọ̀sán sì wà lórí. Ẹ mu omi, ẹ jókòó sábẹ́ ìbòòji, tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní London, ẹ ní skatepark Stockwell tó ti wà láti ọdún 1978, ẹ sì ní ibi tí wọ́n ti ń gun sikéètì lábẹ́ Southbank, wàhálà tiyín níbẹ̀ ni èrò. Ẹ dúró dé ìgbà tó kàn yín, ẹ wo ọ̀nà tí àwọn tó kù ń gbà kẹ́ẹ tó wọlé, kẹ́ẹ má sì jókòó sí ibi táwọn èèyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Orí kọ́kọ́. Tí ẹni náà bá dákú, bó ti wù kó kúrú tó, tó ń bì, tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tó ń tòògbé lọ́nà tí ò yẹ, tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju ìkejì, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti imú tàbí etí, ọsibítù ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. L'Ékòó ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fà á dìde, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú káwọn èèyàn ṣe é, àmọ́ tó bá jẹ́ ọrùn ló kán, fífà yẹn lè mú kó má lè rìn mọ́. Ẹ bá a di orí mú kó má yí, ẹ fi hẹ́lmẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níbi tó wà àfi tí kò bá lè mí, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ títí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa dé.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹ tètè bọ́ aago, òrùka àti bàtà kó tó wú. Ẹ mú píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kẹ́ẹ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà sókè lé ìrọ̀rí. Omi gbígbóná, Robb, Àbónìkí àti ìfọwọ́ra líle, ẹ pa á tì fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ńṣe ló ń mú kó wú sí i. Tí ibẹ̀ bá tẹ̀, tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tí ìrora bá wà lórí eegun gan-an, ẹ fi páálí àti gèlè tàbí aṣọ dì í bó ṣe wà, ẹ má tọ́ ọ, ẹ gbé e lọ ṣe X-ray. L'Ékòó, ọsibítù Ìgbóbì wà fún eegun. Ẹ kíyè sí èyí: tí ìrora bá wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò tí X-ray àkọ́kọ́ ò sì rí nǹkan, eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tí kíkán rẹ̀ kì í tètè hàn, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14.

Mi ò ní bú àwọn tó ń to eegun nílé wa, iṣẹ́ àjogúnbá ni. Àmọ́ kí X-ray kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tó burú ni ìgbà tí wọ́n bá fi igi àti aṣọ dì í mú jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọ́n ti gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ nílẹ̀ yìí torí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dì í, ọsibítù tàbí ilé, ẹ máa wo orí ìka. Tó bá tutù, tó kú tipiri, tó ń dúdú tàbí tó funfun, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i, ẹ tú u nísinsìnyí, ẹ má dúró di ọ̀la, kẹ́ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ara tó bó, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, kẹ́ẹ fọ̀ ọ́ pẹ́, kí yanrìn inú rẹ̀ jáde tán, á ta wọ́n, ẹ bá wọn mú sùúrù. Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kólínọ́ọ̀sì, kì í ṣe eérú. Ẹ fi bándéèjì tí ò ní lẹ̀ mọ́ ọn bò ó, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì torí ilẹ̀ ni ọgbẹ́ yẹn ti wá. Tó bá ń pupa sí i, tó ń gbóná, tó ń ṣọyún, ọsibítù ni.

Kẹ́ẹ tó padà

Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ ò gbọdọ̀ gùn ún mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bó bá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tó ń sọ pé kò sí nǹkan. Kó sinmi, kó má padà títí gbogbo ẹ̀fọ́rí àti òòyì á fi lọ tán tí dókítà á sì gbà fún un, torí ìkejì lórí ọpọlọ tí ò tíì san lè burú ju àkọ́kọ́ lọ. Fún ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, ẹ fẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró, ẹ di ojú, ẹ wò ó bóyá ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ bíi ti ẹsẹ̀ kejì, kẹ́ẹ wá fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò. Tó bá ṣì ń dunni, ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ yẹ hẹ́lmẹ́ẹ̀tì wò. Tó bá là, tàbí tí fóòmù inú rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gbé e fún àbúrò, ẹ má kàn jù ú sórí ààtàn bẹ́ẹ̀, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé okùn rẹ̀ kẹ́ẹ tó dà á nù, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa he é wọ̀.